Bí mo ṣe tún kẹ̀kẹ́ Bàbá Àgbà ṣe títí ó fi gun òkè Mọ́kọ́lá

Kẹ̀kẹ́ tí mo ń gùn lọ síbi iṣẹ́ báyìí, láti Bódìjà dé Dùgbẹ̀, Raleigh dúdú ni, Bàbá Àgbà mi ló ni ín. Tíṣà ni wọ́n. Wọ́n wà lára àwọn tí wọ́n gbà síṣẹ́ nígbà tí ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní January 1955, tí ọmọ ya bo ilé ìwé tí olùkọ́ kò sì tó. Kẹ̀kẹ́ yìí ni wọ́n ń gùn láti Mọ́níyà lọ sí abúlé tí wọ́n ti ń kọ́ni. Báàjì láísẹ́ǹsì tí kánsù máa ń fún oníkẹ̀kẹ́ nígbà náà ṣì wà lára rẹ̀, wọ́n fi wáyà so ó mọ́ abẹ́ ìjókòó, òǹkà ara rẹ̀ nìkan ló ti parẹ́. Nígbà tí Bàbá kú, wọ́n gbé kẹ̀kẹ́ náà sí yàrá ẹ̀yìn, ibẹ̀ ni adìyẹ sì fi ṣe ibùsùn.

Lọ́jọ́ 29 May 2023 tí Ààrẹ Tinubu kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ, epo tí a ń rà ní nǹkan tí kò tó ₦200 fò kọjá ₦500 láàárín ọjọ́ mélòó kan. Nígbà tó fi máa di July, ó ti lé ní ₦600. Àwọn onímáíkírà, ìyẹn àwọn tó ń wa takisí kékeré Ìbàdàn, náà kò lè dákẹ́, ìlọ́po méjì ni mo ń san. Èyí tó tún dùn mí ju owó lọ ni jíjókòó. Èèyàn á há mọ́ ẹ̀yìn Máíkírà, ẹni mẹ́ta ní ìtòsí ara wọn, ní abẹ́ gádà Mọ́kọ́lá, á máa wo ẹlẹ́sẹ̀ tó ń kọjá lọ ní tirẹ̀. Kìlómítà méje péré ni ọ̀nà mi o.

Mò ń kọ eléyìí sílẹ̀ nítorí àwọn tó ní irú kẹ̀kẹ́ bẹ́ẹ̀ nílé, tí àwọn tó ń ké “irin kọ́ńdẹ́ḿ” kiri àdúgbò sì ti ń fojú sí i. Ẹ má tíì tà á. Nǹkan méjì ló ṣòro lára irú kẹ̀kẹ́ yìí nílùú olókè bí Ìbàdàn: gígun òkè àti dídúró nígbà òjò. Ìyókù kò ju ọ̀rọ̀ sùúrù àti kẹrosíìnì lọ.

Sátidé, 10 February 2024

Mo gbé e jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Egungun rẹ̀ ni mo kọ́kọ́ yẹ̀ wò, torí bí egungun bá ti là, kí lèèyàn fẹ́ ṣe sí ìyókù? Mo fi àkísà àti kẹrosíìnì nu gbogbo ibi tí irin ti pàdé irin, mo tan tọ́ọ̀ṣì sí i, mo sì fi èékánná wá ojú ibi tó bá là. Kò sí. Ó ti dógùn-ún káàkiri, ṣùgbọ́n orí awọ ni, kò wọnú, sáńpépà sì ká a kúrò. Àwọn tó ṣe é kò kàn jó irin mọ́ irin. Wọ́n ki ọ̀pá bọ inú oríkèé tó nípọn, wọ́n wá yọ́ idẹ sí i láti lẹ̀ ẹ́ pa. Bó ṣe ń pẹ́ nìyẹn.

Táyà ti sán bí ilẹ̀ ìgbà ọ̀gbẹlẹ̀. Túúbù fọ́ sí mi lọ́wọ́. 28 x 1½ ni wọ́n kọ sára táyà, ìwọ̀n yẹn sì ṣì wà lọ́jà, mo dúpẹ́. Bíréèkì rẹ̀ kì í ṣe oníwáyà: ọ̀pá irin tín-ín-rín ló gba abẹ́ ọwọ́ kẹ̀kẹ́ sọ̀kalẹ̀, tó ń fa rọ́bà sókè kí ó lè gbá inú rímù mú. Ọ̀pá náà pé, kò sí èyí tó tẹ̀. Ẹ fi bíréèkì yìí sọ́kàn, mo ń padà bọ̀ wá sórí rẹ̀.

Sátidé, 17 February

Ọjọ́ kọ́tà-píìnì. Lára kẹ̀kẹ́ àtijọ́, apá pẹ́dà kò ní bóòtù tó dì í mú láti ẹ̀gbẹ́ bíi ti òde òní. Píìnì irin kan tí wọ́n rẹ́ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kan pẹrẹsẹ ni wọ́n gbá wọ àárín apá pẹ́dà àti ọ̀pá tó la ìdí kẹ̀kẹ́ kọjá, òun ló há wọn mọ́ra. Ó ti há láti ọjọ́ tí mi ò tíì dáyé. Mo mú òòlù, mo ń gbá a jẹ́jẹ́, kó, kó, kó, kó. Kò mira. Orí rẹ̀ ló ń fẹ̀ bí olú, eyín tí nọ́ọ̀tì ń gbà sì bàjẹ́.

Mo gbé kẹ̀kẹ́ náà tọ Bàbá oníkẹ̀kẹ́ lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ògùnpa. Ṣọ́ọ̀bù wọn kò ju yàrá kan lọ, gbogbo irinṣẹ́ ló sì ń rọ̀ lókè ògiri, kò sí ọ̀kan nílẹ̀. Wọ́n sọ fún mi nígbà tó yá pé August 1980, tí Ògùnpa kún tó gbé ilé àti èèyàn lọ, ó kó gbogbo ohun tí bàbá wọn ní nílẹ̀ ṣọ́ọ̀bù. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń gbé nǹkan kọ́.

“Ẹ kú iṣẹ́ o, Bàbá.”

“Óò, kú àbọ̀, ọmọ mi.” Wọ́n tẹjú mọ́ píìnì náà. “Ta ló lù ú báyìí?”

“Èmi ni, sà.”

“Ẹ̀rù ń bà ọ́ nígbà tó o fi ń lù ú. Kọ́tà ò fẹ́ kí wọ́n máa bẹ òun. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni.”

Wọ́n gbé ojú páìpù irin kan dúró lórí kọnkéré, wọ́n gbé apá pẹ́dà lé e kí ilẹ̀ lè gba agbára òòlù náà, kó má baà jẹ́ bẹ́ríìnì inú ni yóò gbà á. Wọ́n gbé òòlù ńlá sókè. Gbàù! Ó já bọ́. Páìpù yẹn ni àṣírí ibẹ̀: bí ẹ kò bá gbé nǹkan sábẹ́ apá pẹ́dà, bí ẹ lù ú di alẹ́, inú ni ẹ ń bàjẹ́.

Sátidé, 24 February

Mo ra ife bẹ́ríìnì tuntun fún ìdí kẹ̀kẹ́, ìyẹn irin tí ọmọ bẹ́ríìnì ń yí nínú rẹ̀, mo ti ń yọ̀. Kò wọlé. Mo yí i lọ, mo yí i bọ̀, ó kàn ń gé ara rẹ̀ jẹ. Bàbá fi ojú kan wò ó, wọ́n ní kí n dá a padà kí wọ́n tó kọ̀ ọ́ lọ́wọ́ mi. Raleigh ní eyín tirẹ̀ lọ́tọ̀: eyín 26 nínú ínṣì kan, nígbà tí kẹ̀kẹ́ Gẹ̀ẹ́sì yòókù ń lo 24. Ojú lásán kò lè mọ ìyàtọ̀ rẹ̀. Nítorí náà, ẹni tó bá ní Raleigh àtijọ́, kó má ṣe ju ife tó bá lára rẹ̀ nù, kódà bó bá ti gbó díẹ̀. Mo fọ tèmi, mo fi sáńpépà tó kúnná dán ojú rẹ̀, mo to ọmọ bẹ́ríìnì tuntun sínú gíríìsì, mọ́kànlá lápá ọ̀tún, mọ́kànlá lápá òsì. Èmi kò ra ife kankan mọ́.

Kọ́tà tuntun ló kàn. Bí wọ́n ṣe ń tà á, kò lè bá tìrẹ mu. O ní láti fi fáìlì rẹ́ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, kí o máa dán an wò, títí yóò fi wọlé tó, tí eyín rẹ̀ yóò sì yọ jáde ní ìwọ̀n tí nọ́ọ̀tì lè gbà. Mo fi ọ̀sán kan gbáko ṣe é. Mo gbá méjèèjì wọlé, mo gun kẹ̀kẹ́, àfi bíi pé ẹsẹ̀ mi kan gùn ju èkejì lọ. Mo sọ̀ kalẹ̀ wò ó: apá pẹ́dà kan wà lókè gangan, èkejì kò sí nísàlẹ̀ gangan, ó yà síwájú. Apá kan náà ni mo ti ki píìnì méjèèjì bọlé.

“Bí ọ̀kan bá kọjú sí Ìbàdàn,” ni Bàbá wí, “kí èkejì kọjú sí Ọ̀yọ́.”

Mo tú ọ̀kan, lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo lórí páìpù, mo sì yí i padà. Pẹ́dà dúró déédéé.

Ọjọ́ Àìkú, 10 March

Mo gùn ún dé Dùgbẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́. Ọjọ́ Àìkú ni mo mú nítorí ọ̀nà á ṣófo. Láti Bódìjà lọ sí Sẹkitéríàtì, ó ń lọ bí omi. Kẹ̀kẹ́ wúwo lóòótọ́, ṣùgbọ́n bó bá ti gbéra, ó ń sáré lọ fúnra rẹ̀. Mo sọ̀ kalẹ̀ láti Mọ́kọ́lá lọ sí Dùgbẹ̀, atẹ́gùn ń fẹ́ sí mi láyà, mo rí Ilé Kòkó níwájú, inú mi dùn débi pé mo kọrin.

Bíbọ̀ ni wàhálà. Òkè kan náà tí mo yọ̀ sọ̀ kalẹ̀, ó di ti gígun. Mo dìde dúró lórí pẹ́dà, mo gbé gbogbo ara mi lé e, kò ṣe é ṣe. Orúnkún mi ń dún. Kí n tó dé ìdajì rẹ̀, mo ti sọ̀ kalẹ̀, mo ń tì í.

Nígbà tí mo délé, mo ka eyín. Jíà iwájú ní eyín 48, ti ẹ̀yìn ní 18. Ìyẹn ni pé bí ẹsẹ̀ mi bá yí ìgbà kan, táyà ẹ̀yìn yí ju ìgbà méjì àbọ̀ lọ. Àyíká táyà 28 fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mítà 2.23. Ẹ ṣe ìṣirò rẹ̀: bíi mítà mẹ́fà ni mo ń gbé ara mi àti irin yẹn lọ pẹ̀lú ìyí ẹsẹ̀ kan. Lórí ilẹ̀ títẹ́ bí ìhà Mọ́níyà, ó dára gan-an. Níbi òkè, ó ń pa orúnkún. Ẹsẹ̀ Bàbá Àgbà kọ́ ló le ju tèmi lọ, ọ̀nà wọn ló yàtọ̀.

Mo lè fi jíà ńlá sẹ́yìn kí ó rọ̀, ṣùgbọ́n nígbà náà, ní ilẹ̀ títẹ́, ẹsẹ̀ mi á máa yí bí ti ajá tó ń wẹ̀. Mo béèrè lọ́wọ́ Bàbá.

Sátidé, 16 March

Bàbá gun àpótí, wọ́n sọ ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ kan kalẹ̀ láti ara ògiri. Ó ti tẹ̀ bí ẹni pé mọ́tò gùn ún, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ obìnrin tòkunbọ̀ kan ni. “Rímù rẹ̀ ti kú,” ni wọ́n wí, “ṣùgbọ́n họ́ọ̀bù rẹ̀, wo ara rẹ̀.” Mo fi àtàǹpàkò nu eruku kúrò. Ó kà báyìí: Sturmey-Archer, AW, 71.

Èyí ni họ́ọ̀bù oníjíà mẹ́ta, irin àárín ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ tí jíà wà nínú rẹ̀. Nottingham ni wọ́n ti ṣe é, ìlú kan náà tí wọ́n ti ṣe Raleigh, òǹkà 71 yẹn sì ń sọ ọdún rẹ̀, 1971. Láti 1936 ni wọ́n ti ń ṣe irú AW yìí. Inú rẹ̀ kò sì fi bẹ́ẹ̀ yí padà fún ọ̀pọ̀ ọdún, débi pé nǹkan inú ti ọdún kan lè bọ́ sí ti ọdún mìíràn. Ní 2000 ni wọ́n ta ilé iṣẹ́ Sturmey-Archer, ó sì kó lọ sí Taiwan.

Mo fẹ́ ṣàlàyé bó ṣe ń ṣiṣẹ́, torí ó wú mi lórí. Jíà kékeré kan wà ní àárín tí kì í yí rárá, ara ọ̀pá ló wà. Jíà kéékèèké mẹ́rin ń yí i po bí ọmọ ṣe ń yí ìyá ká. Agbada kan tó ní eyín nínú ló wá bo gbogbo wọn. Wáyà láti ọwọ́ kẹ̀kẹ́ ló ń pinnu èyí tí ṣéènì máa darí àti èyí tí rímù máa tẹ̀ lé. Ní jíà kejì, ohun tó wọlé àti ohun tó jáde ń yí ní ìwọ̀n kan náà. Ní jíà àkọ́kọ́, ohun tó jáde jẹ́ ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ohun tó wọlé, ó rọ̀. Ní ìkẹta, ó lé ní ìdá kan nínú mẹ́ta. Gbogbo rẹ̀ wà nínú irin tí kò tóbi ju agolo mílíìkì lọ, eruku Ìbàdàn kò sì lè débẹ̀.

Epo inú rẹ̀ ti di gọ́ọ̀mù. A rì í sínú kẹrosíìnì fún ọjọ́ méjì, a yí i, a dà á nù, a tún rì í. Lẹ́yìn náà ni mo fi epo ẹ́ńjìnì tó fúyẹ́ sí i láti ojú ihò epo rẹ̀. Bàbá tẹnu mọ́ ọn: gíríìsì kò gbọ́dọ̀ wọ àárín. Àwọn èékánná kéékèèké tó ń dìde gbá jíà mú wà nínú rẹ̀, wáyà tó dà bí irun ló ń ta wọ́n dìde. Gíríìsì á lẹ̀ wọ́n mọ́lẹ̀, jíà á sì máa yọ̀.

Ọjọ́ Ajé Àjíǹde, 1 April

Iṣẹ́ kò sí, a so ẹsẹ̀ ẹ̀yìn pọ̀. Orí ló bá wa ṣe é: ihò 40 ló wà lára họ́ọ̀bù náà, ihò 40 náà ló wà lára rímù mi, nítorí àwọn Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́ máa ń fi sípóòkù 40 sẹ́yìn, 32 síwájú. Ká ní họ́ọ̀bù oníhò 36 ni, ká máa gbé e kọ́ padà sára ògiri.

Ṣùgbọ́n họ́ọ̀bù oníjíà sanra ju èyí tí a tú jáde lọ, nítorí náà àwọn sípóòkù mi gùn jù ú lọ ní bíi mìlímítà mẹ́rin. Bí èèyàn bá fi wọ́n bẹ́ẹ̀, orí wọn á yọ sínú rímù, wọ́n á máa gún túúbù. Bàbá ní ẹ̀rọ ọlọ́wọ́ kékeré kan tó ń tẹ eyín sí sípóòkù. Wọ́n gé ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọ́n ki í bọ ẹnu rẹ̀, wọ́n yí ọwọ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n nawọ́ rẹ̀ sí mi, mo nu ún, mo tò ó. Ogójì. Láti aago mẹ́wàá títí dé ìrọ̀lẹ́. Lẹ́yìn náà ni wọ́n gbé e sójú fóòkù, wọ́n fi ṣọ́ọ̀kì kan ẹ̀gbẹ́ rímù bó ti ń yí. Ibi tí ṣọ́ọ̀kì bá ti kàn án ni ó ti yọ gọ́nbọ́. Wọ́n á dẹ sípóòkù ìhà yẹn, wọ́n á fún ti òdìkejì. Ìdajì ìyí ni, kì í ju bẹ́ẹ̀ lọ. Nígbà tí ṣọ́ọ̀kì kàn án yí ká láìfò, wọ́n fi èékánná ta sípóòkù bí ẹni ta okùn gòjé, wọ́n ń gbọ́ ohùn rẹ̀. Èyí tí ohùn rẹ̀ bá rẹlẹ̀ kò tíì le tó.

Mo yọ jíà eléyín 18 kúrò lára họ́ọ̀bù náà, mo fi 22 sí i. Kì í gba agbára: òrùka irin kan ló dì í mú, ẹ yọ ọ́ pẹ̀lú ẹnu túúnáfìsì, jíà á bọ́. Ṣéènì ní láti fi ojú méjì gùn sí i. Wọ́ṣà eléyín tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ nọ́ọ̀tì kò gbọ́dọ̀ sọnù o, torí òun ni kì í jẹ́ kí ọ̀pá họ́ọ̀bù yí nínú egungun kẹ̀kẹ́. Wáyà jíà kò sí. Mo ra wáyà bíréèkì kẹ̀kẹ́ ọmọdé, mo fi fáìlì rẹ́ orí rẹ̀ títí ó fi wọ ibi tó yẹ.

Ohun tí mo ní báyìí ni mítà 3.65 fún ìyí ẹsẹ̀ kan ní jíà àkọ́kọ́, 4.9 ní ìkejì, 6.5 ní ìkẹta. Ti ìkẹta tilẹ̀ ju ti Bàbá Àgbà lọ, ti àkọ́kọ́ sì lé díẹ̀ ní ìdajì rẹ̀.

Sátidé, 13 April

Mo gun òkè Mọ́kọ́lá láti Dùgbẹ̀, mo jókòó, mi ò sọ̀ kalẹ̀. Mo ń lọ bí ẹni rìn kánkán, ọkàn mi ń lù kìkìkì, ṣùgbọ́n orúnkún mi kò dún. Họ́ọ̀bù náà máa ń ṣe tí-tí-tí ní jíà kejì àti ìkẹta. Ní àkọ́kọ́ ó dákẹ́ rọ́rọ́, èémí ara mi nìkan ni mò ń gbọ́. Nígbà tí mo dé òkè, mo dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, mo pe Màámi lórí fóònù. Wọ́n ní, “Kẹ̀kẹ́ Bàbá mi náà?” Wọn ò sọ nǹkan mìíràn fún ìgbà díẹ̀.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 16 April

Jàǹbá díẹ̀. Mo dìde lórí pẹ́dà ní jíà kejì kí n lè tètè bọ́ kúrò níwájú Máíkírà tó ń bọ̀, pẹ́dà kàn yí lófìfo, bíi pé ṣéènì já. Àyà mi gbá ọwọ́ kẹ̀kẹ́. Mi ò ṣubú. Onímáíkírà náà tẹ bíréèkì, ó yọrí, ó ní, “Bọ̀ọ̀dá, ẹ pẹ̀lẹ́ o, ṣé ẹ ò fara pa?” Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Wáyà tuntun ló ti nà. Láàárín jíà kejì àti ìkẹta AW, àyè kan wà tí kò sí ohun tó gbá ohun mú, wáyà tó dẹ̀ díẹ̀ sì lè gbé èèyàn síbẹ̀. Ìtọ́jú rẹ̀ kò tó ìṣẹ́jú méjì. Ẹ fi jíà sí ìkejì. Nọ́ọ̀tì apá ọ̀tún ní ihò kékeré kan bíi fèrèsé, ẹ wo inú rẹ̀: ọ̀pá tín-ín-rín tí ṣéènì kékeré ń fà jáde wà níbẹ̀, èjìká rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ bá ẹnu ọ̀pá họ́ọ̀bù dọ́gba gẹ́lẹ́, kó má yọ, kó má rì. Bí kò bá dọ́gba, ẹ yí ibi ìfún wáyà. Láti ọjọ́ náà, àràárọ̀ Ajé ni mo ń wo fèrèsé yẹn.

Ọjọ́bọ̀, 25 April

Òjò bá mi lórí òkè Mọ́kọ́lá láàárọ̀, mo sì ń sọ̀ kalẹ̀. Mo fún bíréèkì méjèèjì. Kò sí nǹkan kan. Kì í ṣe pé ó ń mú díẹ̀: kò mú rárá. Rímù irin tó ń dán bíi díńgí ni, omi bò ó, rọ́bà kàn ń yọ̀ lórí omi. Máíkírà kan dúró níwájú mi láti já èrò sílẹ̀, bí wọ́n ṣe máa ń dúró níbikíbi tí èrò bá ti pariwo “ó wà o”. Mo fi ẹsẹ̀ wọ́lẹ̀, mo yà sí ẹ̀gbẹ́, mo fi táyà iwájú gbá etí gọ́tà. Bàtà mi ya. Bí mo ti dúró níbẹ̀, ọwọ́ mi ń gbọ̀n, mo mọ̀ pé jíà tí mo fi oṣù kan ṣe yẹn, bíréèkì ni ó yẹ kó ṣáájú rẹ̀. Mo ti kẹ̀kẹ́ dé Dùgbẹ̀. Mo tì í padà bọ̀ nírọ̀lẹ́.

Sátidé, 27 April

Bàbá ní àwọn àgbà oníkẹ̀kẹ́ máa ń fi awọ sí bíréèkì lásìkò òjò. Mo ti gbọ́ ọ rí pé wọ́n ṣe rọ́bà bíréèkì aláwọ ní Ìlú Ọba fún irú rímù yìí gan-an. Awọ ń nu omi, ó sì ń mu díẹ̀ nínú rẹ̀. Rọ́bà kàn ń gùn ún ni. Mo lọ bá aránbàtà kan lọ́jà Bódìjà, mo ní kó gé awọ ìtẹ́lẹ̀ bàtà fún mi, èyí tó le, tí wọn kò kùn. Ó gé mẹ́rin, ó fi ọ̀bẹ fá ẹ̀yìn wọn kí gọ́ọ̀mù lè mú, ó lẹ̀ wọ́n mọ́ ojú rọ́bà, ó sì rán etí wọn pọ̀ fún mi láìgba owó ìrán.

N kò fẹ́ fi ẹ̀mí gbà á gbọ́ lásán, nítorí náà mo wọ̀n ọ́n. Ìdagẹ̀rẹ̀ kékeré kan wà ládùúgbò wa. Mo fi ṣọ́ọ̀kì sàmì síbi tí mo ti máa jẹ́ kí kẹ̀kẹ́ yí sọ̀ kalẹ̀ láìwa pẹ́dà, kí eré rẹ̀ lè jẹ́ ọ̀kan náà nígbà gbogbo. Mo tún sàmì síbi tí mo ti máa fún bíréèkì. Àbúrò mi ń da omi kẹ́tùrù sí rímù. Rọ́bà lórí rímù gbígbẹ, mo dúró lẹ́yìn ìṣísẹ̀ mẹ́sàn-án. Rọ́bà lórí rímù tútù, mẹ́tàlélógún. A tún un ṣe lẹ́ẹ̀mẹ́ta, kò dín sí ogún rí. Awọ lórí rímù tútù, mẹ́rìnlá. Lórí èyí tó gbẹ, mẹ́wàá.

Mẹ́rìnlá kì í ṣe mẹ́sàn-án. Nítorí náà, nígbà òjò, mo máa ń fi bíréèkì kan rímù fẹ́ẹ́rẹ́ kí n tó dé ibi ìdagẹ̀rẹ̀, kí awọ lè ti nu omi àkọ́kọ́ kúrò, mo sì ń lọ jẹ́jẹ́. Bí òjò bá le jù, mo dúró sábẹ́ ibòji. Epo ni ọ̀tá awọ yìí. Bí ẹ bá ń fi epo sí ṣéènì, ẹ da àkísà bo rímù; awọ tó bá ti mu epo, ẹ yọ ọ́ sọ nù lójú ẹsẹ̀.

Oṣù May àti June

Mo ń lọ lójoojúmọ́, àfi ọjọ́ tí àrá bá ń sán. Ìṣẹ́jú 35 ni lílọ ń gbà, 40 ni bíbọ̀. Máíkírà lè gba 30, ó sì lè gba wákàtí kan àti ogún ìṣẹ́jú, ẹnikẹ́ni kò lè sọ. Aago mẹ́fà ààbọ̀ ni mo ń jáde kí oòrùn tó mú. Ẹ̀wù iṣẹ́ wà nínú báàgì, mo ń fi omi nu ara níbi iṣẹ́, mo sì pààrọ̀. Ìbòrí ṣéènì àtijọ́ yẹn kò jẹ́ kí epo kan ṣòkòtò rí.

Ilẹ̀kùn Máíkírà ni mo ń ṣọ́ jù. Èrò kì í wo ẹ̀yìn kó tó ṣílẹ̀kùn. Bí mo bá rí Máíkírà tó rọra ń yà, mo fi ìwọ̀n ilẹ̀kùn kan jìnnà sí i, mo sì tẹ agogo. Agogo Bàbá Àgbà ṣì ń dún gbaungbaun, òun nìkan ni n kò tún ṣe.

Gbogbo owó tí mo ná lé díẹ̀ ní ₦60,000, táyà àti túúbù ló sì jẹ púpọ̀ jù nínú rẹ̀. Bàbá gba owó họ́ọ̀bù. Owó iṣẹ́, ìdajì ni wọ́n gbà, wọ́n ní kẹ̀kẹ́ tíṣà ni.

Sátidé, 20 July

Mo pààrọ̀ awọ fún ìgbà kejì. Ti iwájú gbó ní bíi ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, ti ẹ̀yìn pẹ́ jù bẹ́ẹ̀. Mo tún wo ọmọ bẹ́ríìnì ìdí kẹ̀kẹ́, gíríìsì ṣì mọ́. Ó ku dínámò iná. Èyí tó wà lára rẹ̀ ń yí, ṣùgbọ́n kò gbé iná wá, mo fura sí okùn rẹ̀. Iná tí mo ń lò báyìí jẹ́ oníbátìrì.

Mo yà lọ́dọ̀ Bàbá láti fi awọ tó gbó hàn wọ́n. Ọmọkùnrin kan wà níbẹ̀ tó gbé Raleigh aláwọ̀ ewé wá láti Àkànrán, kọ́tà rẹ̀ ti fẹ̀ lórí bíi tèmi. Bàbá gbé páìpù náà dúró lórí kọnkéré, wọ́n sì nawọ́ òòlù sí mi. Ìṣó tuntun kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn wọn báyìí, awọ ìtẹ́lẹ̀ bàtà ló ń rọ̀ sórí rẹ̀, wọ́n ti gé e sí méjì-méjì.